Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn aṣòfin ọmọ Yorùbá ní Amẹ́ríkà: ẹ yọ ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ kúrò nínú owó-orí ilé ìwòsàn

Ẹ̀yin aṣòfin ọmọ Yorùbá tí ẹ wà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀, ní Georgia, ní Maryland àti níbikíbi tí ẹ bá wà ní Amẹ́ríkà, àti ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ dókítà àti ẹgbẹ́ nọ́ọ̀sì wa,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Púpọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka lẹ́tà yìí ló mọ ẹnì kan tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe, nítorí ọmọ Yorùbá pọ̀ ní wọ́ọ̀dù àwọn tí ọpọlọ ń dà láàmú nílẹ̀ yìí. Àwọn kan nínú wa tiẹ̀ ti kọ́ iṣẹ́ náà ní Aro, l'Ábẹ́òkúta, kí wọ́n tó wọ bàálù. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ lẹ́tà yìí ní Yorùbá. Ẹ̀yin lẹ lè dìde sọ̀rọ̀ nílé aṣòfin, àwa la mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní wọ́ọ̀dù, àwọn ẹbí wa tó ń bá wa kà á sì ni wọ́n ń dìbò fún yín.

Ọ̀rọ̀ tó gbé mi wá ni owó tí ìjọba ìpínlẹ̀ ń bù lára owó tó ń wọlé fún ilé ìwòsàn, kí wọ́n lè fi gbọ́ bùkátà Medicaid, ètò ìjọba tó ń sanwó ìtọ́jú fún àwọn tí kò lówó. Owó-orí ilé ìwòsàn ni n ó máa pè é. Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 2025, Ààrẹ Donald Trump fọwọ́ sí òfin tí wọ́n ń pè ní One Big Beautiful Bill Act. Òfin náà ní kí ìpínlẹ̀ kankan má ṣe dá irú owó-orí yìí sílẹ̀ lákọ̀tun mọ́, kí wọ́n má sì fi kún èyí tó ti wà nílẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ tó ti gba àwọn àgbàlagbà tí owó wọn kéré sínú Medicaid lábẹ́ òfin ìlera Obama yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í dín tiwọn kù. Ibi tí owó-orí náà lè ga dé tẹ́lẹ̀ ni ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé láti ara ìtọ́jú aláìsàn. Láti ọdún ìṣúná 2028, ààbọ̀ ìdá kan ni yóò máa já bọ́ lára rẹ̀ lọ́dọọdún, títí yóò fi di ìdá 3.5 ní ọdún 2032.

Èyí já sí pé ní ìpínlẹ̀ púpọ̀, wọn yóò ṣí ìwé òfin owó-orí yìí, wọn yóò sì tún un kọ. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ náà ni wọn yóò gbọ́ tiẹ̀. Àwọn ilé ìwòsàn gbogbogbòò ńlá ní lọ́yà, wọ́n ní aṣojú tí kì í kúrò lẹ́nu ọ̀nà ilé aṣòfin. Ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ kò ní irú agbára bẹ́ẹ̀, àwọn aláìsàn rẹ̀ kò sì lè kóra jọ gbé páálí ìwọ́de. Ohun tó ká mi lára jù ni pé ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ tiwa wà níbẹ̀, n kò sì tíì gbọ́ ohùn yín lórí ọ̀rọ̀ náà.

1. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé bí owó náà ṣe ń rìn fún àwọn tó ń bá wa kà á tí wọn kì í ṣe aṣòfin. Ọdún 1965 ni wọ́n dá Medicaid sílẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ àti ìpínlẹ̀ ló jọ ń gbé ẹrù rẹ̀. Tí ìjọba àpapọ̀ kì í dín sí ìdajì, ó sì máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ fún àwọn ìpínlẹ̀ tí àwọn ará ibẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ lówó lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ mú tirẹ̀ sílẹ̀ kí ti ìjọba àpapọ̀ tó lè jáde. Láti bí ogójì ọdún sẹ́yìn ni àwọn ìpínlẹ̀ ti rí ọgbọ́n dá sí i: wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ ilé ìwòsàn, wọ́n ń kà á sí ìpín tiwọn, wọ́n sì ń fi í fa owó ìjọba àpapọ̀ wá.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìpínlẹ̀ kan wà tí ìjọba àpapọ̀ ti ń san 60 nínú 100. Àwọn ilé ìwòsàn ibẹ̀ dá mílíọ̀nù 10 dọ́là jọ. Ìpínlẹ̀ gbé e sílẹ̀, ìjọba àpapọ̀ fi mílíọ̀nù 15 lé e, ó di mílíọ̀nù 25. Owó yìí ni wọn yóò wá san fún àwọn ilé ìwòsàn tó ń tọ́jú ẹni tó ní káàdì Medicaid. Èyí tó ń tọ́jú wọn lọ́pọ̀lọpọ̀ yóò gbà ju ohun tó san lọ. Èyí tí kò tọ́jú wọn tó bẹ́ẹ̀ yóò pàdánù. Ní ọdún 1991, ilé aṣòfin àpapọ̀ fi òfin de ètò náà: owó-orí gbọ́dọ̀ kan gbogbo àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, iye kan náà ni wọn yóò san nínú ọgọ́rùn-ún, ìpínlẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni pé gbogbo ohun tó san ni yóò padà sọ́wọ́ rẹ̀. Lónìí, Alaska nìkan ni ìpínlẹ̀ tí kò ní irú owó-orí yìí rárá, yálà lórí ilé ìwòsàn tàbí lórí ilé ìtọ́jú arúgbó.

N kò bá ètò yìí jà. Owó yìí ló jẹ́ kí ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn ìgbèríko púpọ̀ ṣì wà ní ṣíṣí, òun náà ló sì jẹ́ kí aláboyún tí kò ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rí ibi bímọ sí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe mú lẹ́tà mi lọ síbi tí wọ́n ti ń wá bí wọn yóò ṣe gé Medicaid. Mo wá nítorí àwọn tí wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ wọn tí òfin kò sì jẹ́ kí wọ́n gba nǹkan padà.

2. Láti ọdún 1965 kan náà ni ìjọba àpapọ̀ ti sọ pé òun kò ní bá wọn san owó ìtọ́jú àwọn tó wà ní ilé ìwòsàn tó dá dúró fún àrùn ọpọlọ. Lójú wọn nígbà náà, ẹrù ìpínlẹ̀ ni, kí ìpínlẹ̀ máa bá a lọ. Àwọn arúgbó tó ti pé ọdún 65 nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì tún un ṣe lẹ́yìn náà fún àwọn ọmọdé. Bí òfin ṣe wà lónìí, bí ẹnì kan bá wà láàárín ọdún 21 sí 64, tí ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ tó wà sì ní ju bẹ́ẹ̀dì 16 lọ, owó ìjọba àpapọ̀ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹ wo ohun tí èyí ń fà. Ọkùnrin kan wà, ẹni ọdún 34, káàdì Medicaid wà nínú àpò rẹ̀. Bí wọ́n bá gbà á sí wọ́ọ̀dù àrùn ọpọlọ ní ilé ìwòsàn gbogbogbòò, Medicaid yóò sanwó. Bí wọ́n bá gbé ọkùnrin yìí kan náà sọdá títì wá sí ilé ìwòsàn wa, tó ń jẹ oògùn kan náà, tí irú dókítà kan náà ń rí i, owó náà kò ní dé. Àrùn kan náà, káàdì kan náà, ilé ló yàtọ̀.

Òtítọ́ ni pé wọ́n ti dá ihò díẹ̀ lu ògiri náà. Láti ọdún 2016, àwọn ilé iṣẹ́ ìbánigbófò tó ń bá ìpínlẹ̀ ṣàkóso Medicaid lè sanwó fún aláìsàn bẹ́ẹ̀ bí kò bá lò ju ọjọ́ 15 lọ nínú oṣù kan. Bó bá lo ọjọ́ 16, owó ìjọba àpapọ̀ lórí rẹ̀ fún odindi oṣù náà ti lọ nìyẹn. Ẹ ro ohun tí ìyẹn ń ṣe sí ìpinnu dókítà nígbà tí aláìsàn bá pé ọjọ́ kẹrìnlá, tí oògùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú un. Láti ọdún 2018, ìpínlẹ̀ lè bẹ̀bẹ̀ fún ìyọ̀nda pàtàkì kí àkókò náà lè gùn sí i. Àwọn kan ti bẹ̀bẹ̀, wọ́n sì ti rí i gbà. Àwọn mìíràn kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀.

Kì í sì í ṣe Medicaid nìkan. Medicare, tó jẹ́ ti àwọn arúgbó àti àwọn aláàbọ̀ ara, fi ọjọ́ 190 dí ẹni kọ̀ọ̀kan ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ní ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ tó dá dúró. Kò sí irú gbèdéke bẹ́ẹ̀ fún ilé ìwòsàn ọkàn tàbí ti eegun.

Nígbà tí àwọn agbowó-orí ìpínlẹ̀ bá dé, wọn kì í ka èyí sí. Gbogbo owó tó wọlé fún wa ni wọ́n ń kà: ti ìbánigbófò aládàáni, ti Medicare, ti ẹbí tó ta mọ́tò kí ọmọ wọn lè rí ìtọ́jú. Wọn yóò bu ìdá tiwọn, wọn yóò lọ fi í fa owó ìjọba àpapọ̀ wá, wọn yóò sì pín in láàárín àwọn tí Medicaid lè sanwó fún. Ẹ̀yin àgbà, ẹ mọ àjọ dáadáa. Èwo ni àjọ tí wọ́n ní kí ènìyàn máa dá, tí wọ́n sì ti kọ ọ́ sínú ìwé pé kò ní kó o láéláé?

3. Ẹ jẹ́ kí n mú yín wọ ibi tí owó yìí ti ń dunni.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀ka pàjáwìrì ilé ìwòsàn gbogbogbòò kan pè wá lórí fóònù. Ọ̀dọ́kùnrin kan ti wà lọ́dọ̀ wọn láti ọjọ́ mẹ́ta. Ó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, ohùn náà sì ń sọ fún un pé kó pa ara rẹ̀. Láti ọdún 1986 ni òfin ìjọba àpapọ̀ ti ní kí ẹ̀ka pàjáwìrì má ṣe lé irú ẹni bẹ́ẹ̀ síta, nítorí náà wọ́n tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì onítáyà ní kọ́rídọ̀, lábẹ́ iná tí wọn kì í pa. Wọ́n ti gba bàtà rẹ̀, bẹ́líìtì rẹ̀ àti okùn fóònù rẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n lẹ rọ́bà mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ló wọ̀. Ẹnì kan jókòó tì í lórí àga ike, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó má gbé ojú kúrò lára rẹ̀ lọ. Mò ń gbọ́ bí ẹ̀rọ àwọn aláìsàn mìíràn ṣe ń ké tíì, tíì lẹ́yìn nọ́ọ̀sì tó ń bá mi sọ̀rọ̀. Ó bi mí pé, “Ẹ ẹ̀ ní bẹ́ẹ̀dì?”

Bẹ́ẹ̀dì wà. Ní ìparí kọ́rídọ̀ wa, wọ́ọ̀dù kan wà tí wọ́n ti tì pa. Mátírẹ́ẹ̀sì aláwọ̀ búlúù wà lórí bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan láìsí aṣọ lórí rẹ̀, pátákó tí a máa ń kọ orúkọ nọ́ọ̀sì sí ṣì wà lára ògiri, kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Kí wọ́ọ̀dù náà tó lè ṣí, ó gbọ́dọ̀ ní nọ́ọ̀sì àti àwọn olùrànlọ́wọ́ lọ́sàn-án àti lóru, ní gbogbo ọjọ́ ọ̀sẹ̀. Àwọn ọ̀gá wa sọ fún wa ní ìpàdé pé láàárín owó tí Medicaid kò san àti owó-orí tí ìpínlẹ̀ ń gbà, àwọn kò rí owó fi rọ́pò àwọn tó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Mo sọ fún nọ́ọ̀sì yẹn pé kò sí àyè. Ó dúpẹ́, ó sì gbé fóònù sílẹ̀ láti pe ibòmíràn.

Ẹ gbé ìṣirò lé e. Ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ kan tí mílíọ̀nù 40 dọ́là ń wọlé fún lọ́dún, tí owó-orí rẹ̀ jẹ́ ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún, yóò san mílíọ̀nù kan àti ọ̀kẹ́ mẹ́wàá dọ́là, ìyẹn $1,200,000. Owó yẹn ju owó ọdún kan nọ́ọ̀sì mẹ́wàá lọ. Nọ́ọ̀sì mẹ́wàá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó láti ṣí irú wọ́ọ̀dù tí mo ń sọ yìí.

4. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òfin ìjọba àpapọ̀ kò gbà kí ẹ yọ ilé ìwòsàn kankan kúrò nínú owó-orí náà, ẹ ní kó lọ tún un kà. Òótọ́ ni pé òfin 1991 ní kí owó-orí kan gbogbo ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n ìlànà ìjọba àpapọ̀ tó tẹ̀ lé e ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún ìpínlẹ̀ láti bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yọ àwọn kan, bí ìṣirò bá fi hàn pé ẹrù náà kò wá di ti àwọn tó ń tọ́jú aláìní jùlọ. Ìlànà náà tilẹ̀ ka àwọn tí ó fi ojú àánú wò, tí ìṣirò tiwọn kò fi ní le tó ti àwọn yòókù: ilé ìwòsàn ìgbèríko, ilé ìwòsàn kan ṣoṣo tó wà ní agbègbè kan, àwọn tí kì í gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àti ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ. Ó dárúkọ rẹ̀ gbangba. Lójú tèmi, àwọn tó kọ ìlànà náà mọ̀ pé ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ ló ti ilẹ̀kùn mọ́ ilé ìwòsàn wọ̀nyí.

Pennsylvania ti ṣe é. Nígbà tí wọ́n dá owó-orí ilé ìwòsàn sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú òfin kọkàndínláàádọ́ta ti ọdún 2010, wọ́n yọ ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ ti aládàáni, wọ́n yọ ti ìjọba ìpínlẹ̀, wọ́n sì yọ àwọn tó ń tọ́jú gbogbo aláìsàn wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Owó Medicaid kò tìtorí ìyẹn gbẹ níbẹ̀. Ètò náà ṣì ń lọ títí di bí a ṣe ń sọ yìí.

5. N kò ní kí ẹ yọ gbogbo ilé ìwòsàn tó bá ti pe ara rẹ̀ ní àkànṣe. Níbí ni mo ti yàtọ̀ sí àwọn tó ń fi ẹnu kan béèrè ìyọ̀nda fún gbogbo wọn, mo sì fẹ́ kí ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa, nítorí ibí ni wọn yóò ti fẹ́ rẹ́ yín jẹ.

Àwọn ilé ìwòsàn kan wà tí àwọn dókítà fúnra wọn ni í, tó jẹ́ pé iṣẹ́ abẹ orúnkún, ti eegun ẹ̀yìn tàbí ti ọkàn nìkan ni wọ́n ń ṣe. Ní ọdún 2003, GAO, ọ́fíìsì tó ń bá ilé aṣòfin àpapọ̀ ṣe ìwádìí, yẹ̀ wọ́n wò. Ó rí i pé àìsàn àwọn tí wọ́n ń gbà kì í sábà le tó ti àwọn tó wà ní ilé ìwòsàn gbogbogbòò, àti pé àwọn tó ní ẹ̀ka pàjáwìrì nínú wọn kò pọ̀ tó ti gbogbogbòò. Ní ọdún yẹn kan náà, ilé aṣòfin àpapọ̀ fi òfin dí àwọn tuntun irú wọn lọ́nà fún oṣù 18. Òfin Obama ti ọdún 2010 sì fi òpin sí dídá àwọn tuntun sílẹ̀ tí yóò máa gba owó Medicare. Ẹni tó ṣa aláìsàn tó lè sanwó, tó fi èyí tí kò ní sílẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn, kò gbọ́dọ̀ wá sọ pé òun kò fẹ́ dá sí owó àwọn tí òun kọ̀. Ẹ jẹ́ kí ó san.

Ilé ìwòsàn ọmọdé ńlá náà kò nílò ìyọ̀nda yìí. Nǹkan bí ìdajì àwọn ọmọ tí wọ́n ń tọ́jú ló wà lórí Medicaid, nítorí náà, àwọn ni owó náà ń padà sí lọ́dọ̀. Bí ẹnì kan bá wá fi àwòrán ọmọ tí irun orí rẹ̀ ti já bẹ̀ yín fún ìyọ̀nda, ẹ bá a wo ìwé owó rẹ̀ kí omi tó bọ́ lójú yín.

Àwọn tí kì í gba owó lọ́wọ́ aláìsàn ńkọ́? Ó yẹ kí wọ́n yọ wọ́n, ṣùgbọ́n kí wọ́n máa yẹ̀ wọ́n wò látìgbàdégbà. Shriners bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú eegun àwọn ọmọdé lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọdún 1922. Ní ọdún 2011, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìbánigbófò. N kò bá wọn wí, owó iṣẹ́ náà ti ga. Ṣùgbọ́n ìyọ̀nda tí wọ́n bá kọ fún ẹni tí kò gba owó kò gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ lé e lọ lẹ́yìn tó bá ti ń gba owó.

Ní ti àwọn ilé ìwòsàn tí ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọlù ti ń kọ́ bí yóò ṣe tún rìn, Medicare ló ń san èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, ẹnu wọn kò sì kò lórí ọ̀rọ̀ yìí. Èrò tèmi ni pé kí ẹ wo ọ̀kọ̀ọ̀kan: èyí tó bá gba ẹni tó ní Medicaid láìyan ẹnu, ẹ ràn án lọ́wọ́.

6. Wọn yóò bi yín pé, ta ni yóò dí àlàfo náà? Ìbéèrè tó tọ́ ni. Owó tó ń wọlé fún gbogbo ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ ní ìpínlẹ̀ kan kéré gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ilé ìwòsàn gbogbogbòò, nítorí náà ohun tí yóò lọ kò tó ohun tí yóò da ètò náà rú. Kí ẹ má sì gbàgbé ẹni tó wà ní kọ́rídọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ilé ìwòsàn gbogbogbòò ló ń ná owó lórí rẹ̀, lórí ẹni tó jókòó tì í, àti lórí bẹ́ẹ̀dì tí aláìsàn mìíràn kò rí lò. Bí wọ́ọ̀dù wa bá ṣí, àwọn náà yóò sinmi.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra lórí bí ẹ ó ṣe kọ ọ́. Òfin 2025 náà ní ìlà kan tí lọ́yà yín kò gbọ́dọ̀ fojú fò. Ó ní ìpínlẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gbé owó-orí fífúyẹ́ lé ẹni tí Medicaid rẹ̀ kéré, kó wá gbé èyí tó wúwo lé ẹni tí tirẹ̀ pọ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ló fà á, tí wọ́n di ẹrù owó-orí lé orí Medicaid kí ìjọba àpapọ̀ lè san án. Nítorí náà, ẹ má ṣe kọ ọ́ pé “ilé ìwòsàn tí aláìsàn Medicaid rẹ̀ kò pọ̀.” Ẹ kọ ọ́ ní orúkọ irú ìwé àṣẹ tó ní: ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ tó dá dúró. Ọ̀rọ̀ àfipamọ́ tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ kan náà wà lára ohun tí òfin tuntun ń ṣọ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ọ́fíìsì Medicaid ìpínlẹ̀ yín gbé ìṣirò náà lọ bá CMS, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó Medicaid àti Medicare, kí wọ́n sì gba èsì lórí ìwé kí ẹ tó dìbò. Ẹjọ́ tí ẹ ó rò fún wọn lágbára: ilé ìwòsàn wọ̀nyí kò sá fún aláìní, òfin ìjọba àpapọ̀ ni kò jẹ́ kí owó aláìní dé ọ̀dọ̀ wọn.

7. Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ yín nìyí.

Ẹ ní kí ọ́fíìsì Medicaid ìpínlẹ̀ yín gbé tábìlì kan jáde fún gbogbo ènìyàn, tí yóò fi hàn, ní orúkọ ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan, iye tó san àti iye tó gbà padà. Gbogbo aṣòfin ló lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè fún un. Kò ná yín ju lẹ́tà kan lọ, n ó sì fẹ́ kí ó jẹ́ ohun tí ẹ kọ́kọ́ ṣe.

Ní ìjókòó tó ń bọ̀, ẹ gbé àtúnṣe wá tí yóò yọ ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ tó dá dúró àti àwọn tí kì í gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ fi àdéhùn tì í: èyí tó bá gba ìyọ̀nda gbọ́dọ̀ kéde lọ́dọọdún iye bẹ́ẹ̀dì tó wà ní ṣíṣí, iye ẹni tó ní Medicaid tó gbà, àti ibi tí owó tó ṣẹ́kù sọ́wọ́ rẹ̀ gbà. Bí wọ́ọ̀dù bá ṣì wà ní títì pa lẹ́yìn ọdún méjì, tí owó sì lọ sápò àwọn onílé, ẹ gba ìyọ̀nda náà padà. N kò gbèjà àwọn ọ̀gá mi nínú èyí.

Bí ìpínlẹ̀ yín kò bá tíì bẹ̀bẹ̀ fún ìyọ̀nda tó wà láti ọdún 2018, ẹ bi gómìnà yín ní gbangba pé kí ló dé. Ibi tí ìpínlẹ̀ bá ti rí i gbà, tí owó Medicaid sì ti ń dé ọ̀dọ̀ ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ, ó tọ́ kí wọ́n tún owó-orí náà yẹ̀ wò, kí àwọn náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá tiwọn.

Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ dókítà àti nọ́ọ̀sì, ẹ máa ń ṣe àpérò lọ́dọọdún. Ẹ yọ ọ̀sán kan sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ yìí, kí ẹ pe àwọn aṣòfin wọ̀nyí, kí ẹ sì kọ orúkọ àwọn tó ṣetán láti jẹ́rìí níwájú ìgbìmọ̀ sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìlera ilé aṣòfin máa ń ṣí ìjókòó fún ará ìlú, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n sì ń fún ẹni kọ̀ọ̀kan. Àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ òru lè gba ibẹ̀ kọjá lówùúrọ̀ kí a tó lọ sùn.

Èmi náà yóò fi orúkọ mi sí i.

Èmi ni tiyín,
Nọ́ọ̀sì àrùn ọpọlọ kan